Awakọ̀ Tí Kì í Dúró Lójú Ọ̀nà

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e délé, débi pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ rò pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Awakọ̀ òkú ni. Bí ẹnì kan bá kú sí ọ̀nà jíjìn, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì fẹ́ kí wọ́n gbé e wálé, ọkọ̀ dúdú gbọọrọ tí Jẹ́jẹ́ ń wà ni wọ́n máa ń rán lọ. Iṣẹ́ tó dáa ni, kò kàn sẹ́ni tó fẹ́ rí ẹni tó ń ṣe é ni. Àwọn tí Jẹ́jẹ́ bá bá gbé bàbá wọn délé láìsí wàhálà á dúpẹ́ títí ẹnu á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n pàdé rẹ̀ lọ́jà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ńṣe ni wọ́n á yà sí ìsọ̀ ọlọ́ṣẹ bí ẹni tí ọṣẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nílé rẹ̀. Nígbà tó yá, kò ka èyí sí mọ́, tàbí ká ní ohun tó ń sọ fúnra rẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà ní òfin. Ọ̀gá tó kọ́ ọ sọ fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó sídìí ọkọ̀ pé, "Tí òkú bá wà lẹ́yìn rẹ, o ò gbọdọ̀ sáré, o ò sì gbọdọ̀ dúró. Àwọn kan ń retí ẹ nílé, wọn ò tíì sunkún tán. Tí wọ́n bá gbọ́ pé o yà jẹun lọ́nà, wọn ò ní gbàgbé ẹ láéláé." Jẹ́jẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣe gbà á gbọ́ lọ. Á jẹun kó tó gbéra, á rọ epo kún, á ṣe gbogbo ohun tí ara ń béèrè. Tó bá ti tan ọkọ̀, ó di ojú ọ̀dà. Kò tan rédíò, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ẹnì kan bi í léèrè rí nípa òkè ńlá kan tó wà lójú ọ̀nà jíjìn tó máa ń gbà jù, bóyá ó rẹwà tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Ó ní òun mọ òkè náà dáadáa, jíà kejì ni wọ́n fi ń gùn ún. Ohun tí òkè jẹ́ lójú tirẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òfin yẹn ò sọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ tó ṣófo, ibẹ̀ sì ni ọ̀ràn ti wọlé wá. Jẹ́jẹ́ ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, òun nìkan ló kù fún un nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Aránṣọ ni, ìlú tó ń gbé sì wà ní òpin ọ̀nà jíjìn náà. Ní ọdún kan, ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n rán Jẹ́jẹ́ lọ sí ìlú náà. Ó gbé òkú fún àwọn tó ni ín, ó sì rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò ní dáa kí òun débẹ̀ kí òun má kí àna òun. Ọkọ̀ mìíràn ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ọkọ̀ dúdú náà lọ. Èyí nìkan ì bá ṣeé fojú fò, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí iṣẹ́ bá ti mọ́ kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ orí. Ọkọ̀ òkú kì í fi iwájú wọ ilé, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé sí ẹnu ilẹ̀kùn, kó lè rọrùn fún àwọn tó máa gbé e. Láìrò ó rárá, Jẹ́jẹ́ yí ọkọ̀ padà, ó sì rọra ń fẹ̀yìn bọ̀ títí ó fi kan àtẹ̀gùn.

Àna rẹ̀ wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Ó rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi kú. Lóòótọ́ dókítà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àrùn ni í ṣeé wò, a kì í rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ ṣàlàyé ìyẹn fún opó? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un níwájú gbogbo èrò pé, "Ìwọ lo wá wọn ọkọ mi bí aṣọ. Má wá sílé mi mọ́ àyàfi tí mo bá ránṣẹ́ sí ẹ." Kò ránṣẹ́. Bí ọdún bá yí, Jẹ́jẹ́ á pè é lórí fóònù, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ oòrùn, ẹ̀gbọ́n á ní kó gbádùn ara rẹ̀, ó parí. Ọdún ń gorí ọdún báyìí, ẹni méjì tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà wá dà bí àjèjì tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ fẹ̀yìn tì, ilé-iṣẹ́ fún un ní aago ògiri. Ajá inú ọgbà ilé-iṣẹ́ fún un ní ara rẹ̀. Ajá pupa ni, etí kan dúró, èkejì ṣubú, kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti wá. Ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde ni ajá bá a jáde, tí kò sì padà mọ́. Ó ra ọkọ̀ kékeré kan tó ti gbó díẹ̀, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ló mú, nítorí ó ti wo dúdú sú. Ajá ò jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà rí. Iwájú ló ń jókòó, á gbé orí sókè, á máa wo gbogbo ayé bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìpàdé. Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ ní Alága.

Òwúrọ̀ kan ni fóònù dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, obìnrin tó jogún ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń gbé.

"Bàbá, ara màámi ò yá rárá o. Ọsibítù ní ká máa gbé wọn lọ sílé, ká máa tọ́jú wọn níbẹ̀."

Jẹ́jẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

"Mò ń bọ̀," ló wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mo ní kẹ́ ẹ gbọ́ ni, mi ò ní kẹ́ ẹ máa bọ̀. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe rí lára wọn. Tí wọ́n bá ṣíjú rí yín lẹ́nu ọ̀nà báyìí, wọ́n á ní ó ti parí nìyẹn."

"Ṣé àwọn ló ní kí n má wá?"

"Wọn ò mọ̀ pé mo pè yín."

"Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Tí wọ́n bá rí mi tí wọ́n ní kí n padà, màá padà. Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó síbí."

Ẹ̀rù méjì ló gbé wọnú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àkọ́kọ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má lọ kó tó dé. Èkejì, kó dé, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà láàyè, kó sì yíjú sí ògiri. Kò mọ èyí tó burú jù. Ó sọ ọ́ fún Alága, Alága wo ojú ọ̀nà.

Ó wakọ̀ bó ṣe máa ń wakọ̀, kò sáré, kò dúró. Ìlú tán, ilé di ẹyọ kọ̀ọ̀kan, oko bẹ̀rẹ̀. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Jẹ́jẹ́ ní, "Alága, fara balẹ̀, a ò tíì débì kankan." Alága fi èékánná ha ilẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ ní kó ní sùúrù. Ajá gbé orí sókè, ó ké, igbe tó gùn bí igbe ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ajá ò mọ òfin ilé-iṣẹ́, ìtọ̀ tó ń gbọ̀n ọ́n ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ ṣe ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà jíjìn yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, tí ó sì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ náà kọ́kọ́ dẹ́rù bà á. Ó dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bí ẹni tó wọ oko olóko. Lẹ́yìn náà ni etí rẹ̀ là. Koríko ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ afẹ́fẹ́, ẹyẹ kan ń pe èkejì láti inú igbó, èkejì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìrì ṣì wà lórí ewé. Alága ti wọ inú koríko gíga lọ, ìrù nìkan ló hàn, ó ń lọ síhìn-ín, ó ń lọ sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù tí inú rẹ̀ sì ń dùn pé ó sọnù. Jẹ́jẹ́ gbé ojú sókè. Òkè jíà kejì ló wà níwájú rẹ̀. Àpáta ni láti ìdí dé ibàdí, igi ló wà lórí rẹ̀, omi sì ń ṣàn láti àárín igi náà wá sílẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun, kò dákẹ́. Kò mọ iye ìgbà tí òun ti gba ẹsẹ̀ òkè yìí kọjá. Kò mọ̀ rí pé omi wà lórí rẹ̀.

"Alága," ló wí, "o ò rí nǹkan."

Láti ìgbà náà, kò dúró de kí ajá ké mọ́. Ó dúró níbi tí àwọn labalábá kéékèèké bo ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà, ó jẹ́ kí wọ́n fò tán kó tó kọjá. Ó dúró lábẹ́ igi kan tí òjìji rẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà, ó jẹ búrẹ́dì níbẹ̀, ó bù fún ajá. Nígbà tí ó dé afárá odò ńlá, tó jẹ́ pé ariwo táyà lórí irin nìkan ló mọ̀ ọ́n sí, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi. Omi náà fẹ̀, ó ní àwọ̀ ewé. Alága bẹ́ wọ inú rẹ̀, ó lúwẹ̀ẹ́ yípo, ó jáde wá gbọn ara sí Jẹ́jẹ́ lára láti orí dé ẹsẹ̀. Jẹ́jẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àfi bí ẹ̀rín náà ṣe já lẹ́nu rẹ̀ láàárín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí ibùsùn, òun ń bá ajá ṣeré. Ojú tì í, ó dà bíi pé ó ń jí nǹkan jẹ.

Apẹja kan jókòó nítòsí, ó ń di àwọ̀n tó ya. Ó ti rí gbogbo rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o. Ibo lẹ̀ ń rè?"

"Mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ara rẹ̀ ò yá."

"Ẹ wá yà fọ ajá lọ́nà?"

Jẹ́jẹ́ yíjú sí omi. Apẹja náà fi eyín gé okùn, ó wò ó, ó rí i pé ọ̀rọ̀ òun ti wọ̀ ọ́ lára.

"Mò ń bá yín ṣeré ni, Bàbá. Ẹ fọjú yín. Ẹni tó fẹ́ lọ tu ẹlòmíràn nínú, kí inú tirẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀ ná."

Jẹ́jẹ́ fọ ojú rẹ̀. Omi náà tutù, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó sùn sí ilé-ìtura ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tí ó tún gbéra láàárọ̀, ìkùukùu bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà níwájú, kò sí ilẹ̀, kò sí ọ̀run, àfi orí igi díẹ̀ tó yọ jáde. Ó dúró. Oòrùn ń ṣí i díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ẹyẹ funfun dìde láti inú rẹ̀, wọn ò ké, wọ́n fò kọjá lórí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn, gbogbo àwọn tí ó gbé gba ibí yìí láàárọ̀ bí èyí. Ó bi ara rẹ̀ pé bí òun bá dúró fún wọn nígbà náà ńkọ́? Ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé kò sí ohun tí ì bá yí padà. Ẹni tó wà láàyè ló ni ìran, òun sì wà láàyè ní gbogbo ìgbà yẹn, kò wò ó. Ó dùn ún gan-an. Ó fi ọwọ́ lé Alága lórí, wọ́n jọ jókòó títí ilẹ̀ fi hàn.

Ọ̀sán ni wọ́n dé. Ó gbé ọkọ̀ sí òdìkejì títì, ó kọ ojú rẹ̀ sí ilé náà gbangba. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ aránṣọ jáde sí i pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Wọ́n wà láàyè?" ni Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ béèrè.

"Wọ́n wà. Ẹ dúró ná, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n..."

Alága ò dúró. Ó rí ológbò lórí ògiri, ó gbó, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò. Láti inú yàrá iwájú, ohùn kan tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ béèrè pé, "Ajá ta nìyẹn?"

Aránṣọ wo Jẹ́jẹ́. Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀. Jẹ́jẹ́ dúró lórí àtẹ̀gùn bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Ó gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ wọlé. Àti ajá náà."

Ibùsùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, àjákù aṣọ wà nílẹ̀ káàkiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fọn, ojú rẹ̀ nìkan ni kò fọn. Jẹ́jẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi."

"Dìde. Ta ló ránṣẹ́ sí ẹ?"

"Kò sí ẹnì kankan. Èmi ni mo wá."

"Ọkọ̀ wo lo gbé wá?"

"Tèmi ni. Kékeré ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kò lè gba ẹni tó bá dùbúlẹ̀, àfi ẹni tó bá lè jókòó."

Obìnrin náà wò ó. Ẹ̀rín jáde lẹ́nu rẹ̀, ikọ́ tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ sáré gbé omi wá. Nígbà tí ó mí dáadáa, ó ní, "Ọmọ yìí ní àná lo ti gbéra. Kí ló dá ẹ dúró? Ìwọ tí ìtọ̀ kì í gbọ̀n lójú ọ̀nà."

"Mo dúró lọ́nà. Ajá ló kọ́kọ́ dá mi dúró, nígbà tó yá, èmi náà ń dá ara mi dúró."

"Kí lo rí?"

Ó sọ fún un. Kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ó sọ gbogbo rẹ̀, omi orí òkè, odò, àwọn ẹyẹ inú ìkùukùu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ojú, ó ń gbọ́. Alága ti fi àgbọ̀n lé etí ibùsùn, ọwọ́ aláìsàn sì ti wà lórí etí tó ṣubú yẹn láìjẹ́ pé ẹnì kan rí ìgbà tó débẹ̀.

"Ọ̀nà yẹn ni mo gbà wá síbí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ," ló wí. "Àárín ẹrù ni mo jókòó sí lẹ́yìn lọ́rì. Eruku nìkan ni mo rí. Láti ìgbà náà, aṣọ ni mò ń rán." Ó la ojú. "Mo ti bínú sí ẹ pẹ́, Jẹ́jẹ́. Ó ti rẹ̀ mí."

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ sẹ́bàá ibùsùn. "Ẹ dárí jì mí," ló wí.

"Mo ti gbọ́." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Bá mi wá bàtà mi."

"Màámi! Ibo lẹ̀ ń lọ? Dókítà ní kẹ́ ẹ sinmi."

"Màá sinmi nínú ọkọ̀." Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó fi gbé ara rẹ̀ jókòó. "Adágún omi kan wà lẹ́yìn ìlú yìí tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ó dára. Mi ò débẹ̀ rí. O ṣì máa gbé mi lọ́jọ́ kan, mo mọ̀. Gbé mi báyìí, níwọ̀n ìgbà tí mo ṣì lè sọ ibi tí mo fẹ́ lọ."

Wọ́n jọ rìn sọdá títì, ó fara ti èjìká rẹ̀, ó ń sinmi, ó ń rìn. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, okùn ìwọnṣọ ni ó fi ń nu ojú. Alága ti jókòó síwájú, kò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́jẹ́ fẹ́ lé e.

"Fi í sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ẹ̀yìn ni màá jókòó sí. Ṣebí ẹ̀yìn ni àwọn èrò ọkọ̀ rẹ máa ń wà?"

Jẹ́jẹ́ ti ilẹ̀kùn fún un jẹ́jẹ́. Ó jókòó, ó tan ọkọ̀, ó gbé ojú sókè wo dígí. Nínú gbogbo ọdún tó fi wakọ̀, ẹni tó gbé sẹ́yìn ò wo òun padà rí. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá níbẹ̀, ó là kedere, ó ń wò ó.

"Kí ló dé tó o fi ń wò mí bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi."

"Wo iwájú ẹ, jàre. Yà sọ́wọ́ ọ̀tún níbi igi yẹn."

Ó yà sọ́wọ́ ọ̀tún.